Egungun Lójú Kọ̀ǹpútà: Bí Mọ́dẹ́lì 3D Ṣe Ń Tú Ìtàn Ara Ẹranko Palẹ̀

Bí ènìyàn bá rí agbárí ejò tó ń yí po lójú kọ̀ǹpútà, tí egungun kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé ayàwòrán kan ló jókòó yà á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ya àwọn ẹranko ńláńlá inú sinimá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Wíwọ̀n ni wọ́n wọn ohun tó ń wò yẹn, wọn kò yà á. Gbogbo ihò, kọ̀rọ̀ àti gegele tó wà lára rẹ̀ ló wà lára egungun gidi kan tó wà nínú àpótí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Egungun náà ní nọ́ńbà ìdámọ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ yìí ti di ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà mọ bí ara ẹranko ṣe rí, èyí tó bá èwo tan, àti bí ara wọn ṣe yí padà láti ayébáyé. Ó yẹ kó yé gbogbo wa, torí pé ibi tí òye kò bá dé, àhesọ ló máa ń gba ibẹ̀.

Kí ni à ń pè ní mọ́dẹ́lì 3D?

Àwòrán orí ìwé ní òró àti ìbú nìkan. Bí o bá yí ìwé náà padà, ẹ̀yìn ìwé lo máa rí, kì í ṣe ẹ̀yìn ohun tí wọ́n yà. Mọ́dẹ́lì 3D ní òró, ó ní ìbú, ó sì ní jíjìn. Inú kọ̀ǹpútà ló wà, síbẹ̀ o lè yí i síwá-sẹ́yìn, o lè wo abẹ́ rẹ̀, o lè là á sí méjì kí o wo inú rẹ̀, kí o sì pa á dé padà láìba ohunkóhun jẹ́. Ó tún ní ìwọ̀n tó péye: bí eyín ẹranko náà bá gùn ní mìlímítà 2, mìlímítà 2 náà ni kọ̀ǹpútà máa kà.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà tó yẹ ká là yé ara wa. Ẹ̀kọ́ ìfiwéra ìtò ara ẹranko ni ẹ̀kọ́ tó ń wo bí ẹ̀yà ara ẹranko kan ṣe jọ ti òmíràn àti bí ó ṣe yàtọ̀ sí i. Ẹfolúṣọ̀n sì ni orúkọ tí a ń pe àyípadà tó ń bá irú ẹ̀dá kan láti ìran dé ìran, títí àwọn àrọ́mọdọ́mọ yóò fi yàtọ̀ gedegbe sí baba ńlá wọn. Kì í ṣe pé ẹranko kan sùn, ó jí, ó sì di nǹkan mìíràn. Ìran ló ń yí padà, díẹ̀díẹ̀, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún tàbí mílíọ̀nù ọdún.

Ìfiwéra kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni àwọn onímọ̀ ti ń gbé egungun síbi egungun. Ní ọdún 1843, Richard Owen, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé ẹ̀yà ara kan náà lè wà lára ẹranko tó yàtọ̀ síra, bí ìrísí àti iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1859, ó sọ ohun tó fà á: ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà ni àwọn ẹranko wọ̀nyẹn ti jogún ẹ̀yà náà.

Ẹ wo apá ènìyàn. Egungun kan ló wà láti èjìká dé ìgúnpá, méjì láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn egungun kéékèèké ọrùn ọwọ́, kí ó tó kan ìka. Ètò yìí náà ló wà nínú apá àdán, àmọ́ ìka ti àdán gùn jọjọ, awọ sì nà láàárín wọn. Òun náà ló wà nínú àjẹ̀ tí àbùùbùtán fi ń wẹ̀ nínú òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun apá rẹ̀ kúrú, ó sì nípọn. Àgùnfọn tí ọrùn rẹ̀ ga ju ilé lọ, egungun ọrùn 7 ló ní. Ènìyàn ní 7. Eku ní 7. Yàtọ̀ sí ẹyọ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú.

Ìṣòro tó wà nínú iṣẹ́ àtijọ́ yìí pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo egungun kan ní láti rìnrìn àjò lọ sí ìlú tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Bó bá fẹ́ wo inú agbárí, àfi kó gé e, bó bá sì ti gé e, ó ti gé e náà nìyẹn. Bí ẹranko náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó máa gbà kí wọ́n fi ayùn kàn án. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú egungun ló fara sin fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá

Ní ọdún 1895, Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní Jámánì. Ìtànṣán yìí la ẹran ara kọjá, ó sì jẹ́ kí egungun hàn. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ń mú jáde tẹ́ pẹrẹsẹ. Egungun iwájú bo ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1971, ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ya orí aláìsàn kan ní Lọ́ńdọ́nù láti igun oríṣiríṣi, kọ̀ǹpútà sì kó àwọn àwòrán náà jọ di ọ̀kan. Òun ni à ń pè ní CT scan lónìí. Hounsfield àti Allan Cormack, tí wọ́n bí ní South Africa, tó ti ṣe ìṣirò tó wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1979.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é fún. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹranko àti àwọn tó ń wú egungun tó ti di òkúta fi yá a lò. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ kan tó ń rí ohun tó kéré gan-an, débi pé ó lè fi ihò kéékèèké inú egungun ọ̀pọ̀lọ́ hàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ní ìtẹ̀léra

Ìgbésẹ̀ kìíní ni yíyan ẹranko. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú ìgò ọtí líle tí kì í jẹ́ kí ara jẹrà. Àwọn mìíràn jẹ́ egungun gbígbẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé tó wà lára rẹ̀: ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ tí wọ́n mú un, irú ẹranko tó jẹ́. Mọ́dẹ́lì tí kò ní àkọsílẹ̀ yìí kò wúlò fún onímọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni yíyà. Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ló ń yí po aláìsàn. Nínú ẹ̀rọ àwọn ẹranko kékeré, ẹranko náà ló ń yí lórí ìdúró rẹ̀, ìtànṣán sì ń gba ara rẹ̀ kọjá. Egungun le, ó ń dí ìtànṣán lọ́nà; ẹran rọ̀, ó ń jẹ́ kó kọjá. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ni wọ́n máa ń yà láti igun gbogbo. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹran ara, ọpọlọ tàbí iṣan hàn, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹranko náà sínú omi áyódínì, nítorí pé áyódínì máa ń mú kí ibi tó rọ̀ dí ìtànṣán lọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni kíkó àwòrán jọ. Kọ̀ǹpútà yóò ṣe ìṣirò, yóò sì sọ gbogbo àwòrán náà di pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí wọ́n bá gé odindi búrẹ́dì. Bí a bá wo pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, a ó mọ ohun tó wà nínú búrẹ́dì náà níbi tí wọ́n ti gé e. Bí a bá sì tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà, odindi búrẹ́dì la tún ní lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé pẹlẹbẹ ti kọ̀ǹpútà lè tín-ín-rín ju irun orí lọ, kò sì sí ọ̀bẹ tó kan ẹranko náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ló ń gba àkókò jù. Ènìyàn yóò jókòó, yóò sì máa ya egungun kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì, yóò fún agbárí ní àwọ̀ kan, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ní òmíràn, ihò ọpọlọ ní òmíràn. Ibí yìí ni òye ìtò ara ti ń ṣiṣẹ́, torí pé ẹni tí kò mọ ibi tí egungun kan parí sí kò lè yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà yóò fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún igun mẹ́ta kéékèèké hun ojú egungun kọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ wọ̀nyí ni mọ́dẹ́lì tí à ń rí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ìfiwéra fúnra rẹ̀. Olùwádìí yóò fi àmì sí ibi kan náà lára agbárí kọ̀ọ̀kan: etí ihò ojú, ibi tí imú ti pàdé iwájú orí, orígun eyín tó kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà yóò wá mú títóbi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, yóò sì da gbogbo agbárí kọ ibì kan náà, kí ó lè jẹ́ pé ìrísí nìkan ló ṣẹ́ kù láti wò. Báyìí ni a fi lè fi agbárí erin wé ti eku láìjẹ́ pé títóbi erin bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni gbígbé èsì náà sórí igi ìran, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí àwọn ẹranko ṣe bá ara wọn tan. Níbẹ̀ ni olùwádìí ti máa rí i bóyá baba ńlá kan ni ẹranko méjì ti jogún ẹ̀yà kan, tàbí kálukú ló ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ti rí

Láàárín ọdún 2017 sí 2023, ilé iṣẹ́ ìmọ̀ 18 ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní oVert, tí Florida Museum of Natural History sì ṣáájú rẹ̀. Ẹranko tó lé ní 13,000 ni wọ́n yà: ẹja, ọ̀pọ̀lọ́, ejò, alángbá, ẹyẹ, àdán àti eku. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́lì náà ni wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gbọ́ nípa eyín ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ tí à ń rí lẹ́yìnkùlé wa lásìkò òjò kò ní eyín rárá. Ọ̀pọ̀ àkèré sì ní eyín wẹ́wẹ́ lókè ẹnu. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo mọ́dẹ́lì ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré, tí wọ́n sì gbé wọn sórí igi ìran, wọ́n rí i pé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ti pàdánù eyín ju ìgbà 20 lọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èsì yìí jáde ní ọdún 2021. Bí wọn kò bá ní mọ́dẹ́lì, wọn ì bá ní láti la ẹnu ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹranko kéékèèké tó wà káàkiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní ọdún 2023, wọ́n kéde pé eku ilẹ̀ Áfíríkà kan, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ le bí ẹ̀gún, ní pẹlẹbẹ egungun lábẹ́ awọ ìrù rẹ̀, irú èyí tí ọ̀nì ní ní ẹ̀yìn. Nínú àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú tó wà láyé, ẹranko kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní armadillo, tó ń gbé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ mọ̀ mọ irú ìhámọ́ra bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ wá a: iṣẹ́ yíyà lásán ni wọ́n ń ṣe tí ó fi hàn lójú kọ̀ǹpútà. Eku náà kò sì ṣọ̀wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀rí mìíràn ti ara ohun tó ti kú tipẹ́ wá. Archaeopteryx ni ẹ̀dá kan tó gbé ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 150 sẹ́yìn. Ó ní ìyẹ́ bí ẹyẹ, ó sì ní eyín àti ìrù elégungun bíi ti àwọn ẹranko afàyàfà. Àríyànjiyàn ti wà tipẹ́ bóyá ó lè fò. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ fi CT scan wo inú agbárí èyí tó wà ní Lọ́ńdọ́nù. Ìrísí ihò ọpọlọ rẹ̀ àti etí inú rẹ̀, tí í ṣe ibi tí ara ti ń mọ bó ṣe ń dúró déédéé, jọ ti ẹyẹ. Ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ti gbara dì fún fífò.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti etí àwa fúnra wa. Egungun kéékèèké 3 ló wà nínú etí wa tó ń gbé ìró kọjá. Láti ọdún 1837 ni Karl Reichert ti rí i, lára ọlẹ̀ inú ìyá, pé méjì nínú wọn bá egungun oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ẹranko afàyàfà mu. Ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ Morganucodon, tó gbé ayé ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 200 sẹ́yìn, ló wà láàárín: oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àtijọ́ wà lára rẹ̀, oríkèé tuntun náà sì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2011, Timothy Rowe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yà á pẹ̀lú Hadrocodium, tí gbogbo agbárí rẹ̀ kò ju mìlímítà 12 lọ. Wọ́n rí i pé ibi tí ọpọlọ fi ń gbọ́ òórùn wà lára ohun tó kọ́kọ́ tóbi sí i nínú ìran àwọn afọ́mọlọ́mú. Ta ni yóò fi ayùn la agbárí tí kò ju èékánná lọ?

Ọ̀rọ̀ náà sì kan ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1965, ikọ̀ Thurstan Shaw wú egungun ènìyàn ní Ìwó Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nínú iṣẹ́ tó jáde ní ọdún 2011, Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà àmì 3D tí mo ṣàlàyé lókè yìí láti fi ìrísí agbárí náà wé ti àwọn mìíràn. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún 13,000 lọ, síbẹ̀ ìrísí rẹ̀ sún mọ́ ti àwọn agbárí tó ti pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Èyí fi hàn pé ìtàn àwọn ènìyàn àtijọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́jú pọ̀ ju bí wọ́n ti ń rò ó lọ.

Àwọn àṣìlóye tó yẹ ká tún ṣe

Àwọn kan rò pé wọ́n ń pa ẹranko láti fi ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń yà ló ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn mìíràn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìtànṣán kì í ba egungun wọn jẹ́. Wọ́n á padà sínú ìgò wọn bí wọ́n ṣe wà.

Àwọn mìíràn rò pé ohun méjì tó bá jọra gbọ́dọ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́. Àdán ń fò, ẹyẹ ń fò, àmọ́ bí a bá gbé egungun apá wọn síbi kan, a ó rí i pé ìka gígùn ló na awọ àdán, nígbà tí ìka ẹyẹ ti dín kù, tí ìyẹ́ sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn méjèèjì jogún apá láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan, ṣùgbọ́n kálukú ló kọ́ fífò tirẹ̀. Ìdí nìyí tí wíwo òde nìkan kò fi tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a máa ń gbọ́ pé sáyẹ́ǹsì ní ọ̀bọ inú igbó yìí ló di ènìyàn. Kò sí onímọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ènìyàn àti ọ̀bọ ní baba ńlá kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́, tí kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ láti ìgbà náà. Igi tó yọ ẹ̀ka ni ìran ẹ̀dá, àtẹ̀gùn kọ́.

Ẹni tó bá sì rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ronú, kó mọ̀ pé ènìyàn ló ń yan ẹranko, òun ló ń ya egungun sọ́tọ̀, òun ló ń fi àmì sí i. Bí òye rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, èsì rẹ̀ náà yóò kù díẹ̀ káàtó.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Mọ́dẹ́lì egungun kò lè sọ àwọ̀ ẹranko, kò sì lè sọ igbe rẹ̀. Kò lè rọ́pò àyẹ̀wò DNA. Egungun tó ti di òkúta sábà máa ń fọ́ tàbí kó tẹ̀, olùwádìí á sì fi òye tún un tò; dandan ni kí ó sọ ibi tí ó tún ṣe, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí èyí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò fi lè di ohun àpatì. Ara ẹranko gidi ni ẹ̀rí. Mọ́dẹ́lì ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè dé ibi ẹ̀rí náà.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà ló wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní àtijọ́, ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ rí wọn ní láti wá físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Lónìí, ó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí MorphoSource, ibi ìkó-mọ́dẹ́lì-sí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, kó sì gba ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́lì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn kan ni wọ́n máa ń béèrè àṣẹ fún. Ètò kọ̀ǹpútà tó lè fi ṣí wọn, bíi 3D Slicer àti MeshLab, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ báyọ́lọ́jì, kò pọn dandan kí ẹ dúró de ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ mú agbárí ewúrẹ́ tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ yí po, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì mú díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ bíi Meshroom yóò so wọ́n pọ̀ di mọ́dẹ́lì. Inú egungun kò ní hàn, òde rẹ̀ nìkan ni, ṣùgbọ́n ó tó láti fi wé agbárí ajá tàbí ti àdán tí wọ́n gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn wọn egungun, kí wọ́n fúnra wọn rí ìjọra àti ìyàtọ̀. Ẹ̀dá inú igbó wa kò lópin, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù sì ni ọmọ ilẹ̀ yìí. Ó yẹ kí orúkọ wọn wà lára àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀.